Katakata Làmídì àti Gbágùúdá Tí A Kò Hú

Síkírá, mo gbọ́ ìbéèrè tí o bi ìyá rẹ àgbà lánàá nígbà tó ń ra gààrí lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri yẹn. O ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní gbágùúdá lóko, kí ló dé tí ẹ tún ń ra gààrí?" Ó gba gààrí rẹ̀, ó bo igbá, ó wọlé lọ. Mo jókòó síbí, mo ń wò yín. Òjò tòní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín lè jáde, iná ti lọ, fóònù yín sì ti kú, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, èmi ni n ó dáhùn ìbéèrè rẹ. Ọ̀rọ̀ náà gùn o. Orí irin tó wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn àbúrò yín ń gùn ṣeré, tí adìẹ ń yé sí lábẹ́ rẹ̀.

Katakata ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú ẹ̀yin tí ẹ ń rí àwọn katakata gìrìwò tó ń la ọ̀nà ní Ìkòròdú. Kékeré la fẹ́ nígbà náà, torí pé oko wa kì í ṣe oko òyìnbó, igi kólà wà níbí, igi ọ̀pẹ wà lọ́hùn-ún, ohun tó lè yà fún igi la nílò. Èmi àti Làmídì ọ̀rẹ́ mi la jọ rà á nígbà tí oko ńlá kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ kógbá sílé. Ẹ̀yin kò bá Làmídì láyé. Ilé rẹ̀ ni èyí tó ti wó lẹ́yìn mọ́sálásí. Ọkùnrin pupa, ó ga, inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Òun ni ládánì wa ní Àgbọ̀wá níbí. Bó bá ń pe ìrun, gíríìsì wà ní apá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Lèmọ́ọ̀mù á ní, "Làmídì, ṣé katakata náà fẹ́ kírun ni?" Òun á ní, "Ó ti ṣe àlùwàlá, ó ku èmi." Ọkùnrin náà kò ní ìtìjú kankan.

Lóde òní ẹ̀rọ ló ń pe ìrun. Ohùn ẹni tí n kò mọ̀, láti ibi tí n kò dé rí. Mo ń dìde lọ kírun náà, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Ohùn méjì ni ìlú yìí fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ láyé ìgbà náà: ohùn Làmídì, lẹ́yìn náà ohùn katakata. Gbù-gbù-gbù, yóò kọ́kọ́ wúkọ́, yóò tu èéfín dúdú, àwọn adìẹ á fò, àwọn ìyàwó ilé á máa pariwo pé a ti ba aṣọ tí wọ́n sá jẹ́. Àwa ni à ń túlẹ̀ fún gbogbo agbègbè yìí títí dé ẹ̀yìn Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n fi ń gbà wá síṣẹ́. Ẹlòmíràn á gbé ewúrẹ́ wá, ẹlòmíràn á ní kí a wá mú iṣu bó bá ta. Ibi tí a bá ti ń túlẹ̀, obìnrin ilé náà á gbé oúnjẹ wá sí etí poro, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé wa lẹ́yìn, wọ́n á máa ṣa ìdin ńláńlá tí irin hú jáde, tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Ẹ wo ojú Ráfíù! Bẹ́ẹ̀ ni, ìdin.

Ọjọ́ tí katakata bá ṣàìsàn ni ẹ̀yin ì bá rí. Wọn kì í gbé e lọ síbi kankan. Ilé ni à ń tún un ṣe, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn náà. Ìyá rẹ àgbà á tẹ́ ẹní, ẹní tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn lé. Ohun tí Làmídì bá kọ́kọ́ tú ni a ó kọ́kọ́ tò sórí ẹní náà, láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Nọ́ọ̀tì, bóòtù, irin tẹ́ẹ́rẹ́, irin gbọọrọ, gbogbo wọn á tò tẹ̀lé ara wọn bí a ṣe tú wọn. Bí a bá fẹ́ dá wọn padà, apá òsì la ó ti bẹ̀rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni dá ẹní náà kọjá. Àlejò tó bá wọlé, bí ó ti wù kó tóbi tó, á gba ẹ̀yìn ilé. Mo rí baálẹ̀ kan tó gba ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ kan, tó gbé agbádá rẹ̀ sókè láàárín ẹrọ̀fọ̀ ibi tí a ti ń wẹ̀. Àwọn obìnrin á máa fi kẹrosíìnì fọ irin nínú bàsíà, wọ́n á máa dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì máa bú wa pé a fẹ́ràn irin ju ìyàwó lọ.

Bí ọdún Ògún bá dé, mùsùlùmí la jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ kò ní gbà kí a dá katakata sí. Wọ́n á wá so màrìwò mọ́ ọn lórí, Làmídì á sì máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé, á ní òun kò rí i. Lẹ́yìn ọdún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò já màrìwò náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìjẹ̀dé, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ẹnì kan ní kí a wá bá òun tú ilẹ̀ etí ọ̀sà. Mo ní ilẹ̀ náà rọ̀ jù, Làmídì ní kí n yéé ṣojo. A wọ inú ẹrọ̀fọ̀, katakata sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì, táyà ẹ̀yìn wọlé pátápátá, ó ku ìjókòó àti orí Làmídì tó ń pariwo. Àwọn apẹja ló gbà wá. Wọ́n kó okùn àwọ̀n wọn wá, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fà á, àwa náà ń fà á, títí tó fi jáde. Ìgbà tí a délé la rí i pé ìdérí táǹkì dísẹ́lì ti bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. A padà lọ wá a, akàn nìkan la rí. Làmídì bá gbẹ́ igi, ó ṣe é bí ìdérí, ó sì bèèrè aṣọ àkísà lọ́wọ́ ìyá rẹ àgbà láti fi wé e kó lè dúró. Àdìrẹ tó fi pọn Ráṣídì, bàbá rẹ, ló fún un. Ó bínú kó tó fà á ya. Nígbà tí mo fẹ́ fún okùn mọ́ ọn pinpin, Làmídì lù mí lọ́wọ́, ó ní kí n rọra, ó ní aṣọ náà tó. N kò bi í pé kí ló dé. Láti ìgbà náà, bí aṣọ bá ti gbó, ìyá rẹ àgbà á fa òmíràn ya lára àdìrẹ rẹ̀, á wé e fúnra rẹ̀. Ó ti di iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ títí Làmídì fi kú.

Ikú rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ó ní àyà ń dun òun, ó lọ sùn. N kò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń fà sẹ́yìn. Àwọn tí à ń túlẹ̀ fún ń ta ilẹ̀ wọn. Lónìí wàá rí oko, lọ́la wàá rí òpó símẹ́ńtì, bó bá tún yá, wàá rí ògiri gíga pẹ̀lú géètì, ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́ á sì bi ọ́ pé ta lo wá kí, lórí ilẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ tú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba iṣẹ́ oko lọ gun ọ̀kadà, àwọn tó kù ń ru búlọ́ọ̀kù. Katakata dákẹ́ lábẹ́ igi. Mo ń fi ọkọ́ ro oko Ìdí Ìrókò, ìyẹn oko ẹbí wa tó ṣẹ́kù, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni èmi àti Làmídì ti kọ́kọ́ dán katakata wò. Igi kólà bàbá mi wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wá dá mi dúbúlẹ̀ lọ́dún kan, koríko sì gba oko náà.

Ọdún náà ni àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀sítéètì wá bá Àlájì, olórí ẹbí wa tó ń gbé ní Ìkòròdú. Àlájì ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé kí a pàdé ní oko Ìdí Ìrókò lọ́jọ́ Sátidé kí a fi ẹnu kò. Síkírá, bàbá rẹ wà nínú àwọn tó fẹ́ kí a tà á. N kò bá a bínú. Ó ń jí lọ sí Lágọ́ọ̀sì kí àkùkọ tó kọ, kò sì tíì parí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ẹbí wa tó ti pẹ́ ju gbogbo wa lọ: ilẹ̀ tí ọmọ ẹbí bá ní ọ̀gbìn lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á títí tí yóò fi kórè. Àlájì kì í yẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé bí gbágùúdá bá wà nínú ilẹ̀ náà kí ọjọ́ Sátidé tó dé, ilẹ̀ náà kò ní lọ. Bí kò bá sí, ó lọ nìyẹn. Ọkọ́ mi kò lè ro ó tán, n kò sì rí ẹni tí mo lè gbà síṣẹ́. Ó ku katakata.

Mo pe bàbá rẹ, mo ní kó wá bá mi wò ó. Ó wá. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe, ó sì wá. Ó ra bátìrì tuntun, ó fọ gbogbo ara katakata, ó da dísẹ́lì kún un. Ó rí aṣọ àkísà tó wà lẹ́nu táǹkì, ó ní, "Bàbá, omi òjò á máa gba inú èyí wọlé." Ó tú u dànù, ó mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó nípọn, ó wé e mọ́ ìdérí igi náà dáadáa, ó wá gé rọ́bà tí wọ́n ń fi sínú táyà, ó fi so ó pinpin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára lójú.

Katakata jí lọ́jọ́ náà! Gbù-gbù-gbù. Ìyá rẹ àgbà sá jáde láti ilé ìdáná. Mo gùn ún, a dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó ń fà, ó ń fà, ó kú. A dúró, a tún tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó jí, ó tún kú. A tì í wálé.

Bàbá rẹ lọ mú mẹkáníìkì kan wá láti Bẹ́ńsìn ní Ìkòròdú, Mùfú ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìwó tó ń yá ilé gbé nítòsí ibẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ má wọ̀rí, á ṣiṣẹ́." Ó pààrọ̀ fítà tó ń sẹ́ dísẹ́lì, ó tú atẹ́gùn inú páìpù jáde títí tí dísẹ́lì fi ń dà láìhó. Ó jí, ó sáré, ó kú. Mùfú ní bóyá dísẹ́lì ti tán. Ó tú rọ́bà, ó ṣí ìdérí, mo gbọ́ tí táǹkì ṣe ṣíìì bí ẹni tó fa èémí. Ó wò ó, ó ní, "Ó kún o." Ó dé e padà, ó so ó. Ó tún tan án, ó jí. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, ó kú.

Mùfú ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Ó tú u. Mo ní kí ìyá rẹ àgbà tẹ́ ẹní, ó sì ti tẹ́ ẹ kí n tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Mùfú kó gbogbo nọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, ó mì ín, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó lọ sí Bẹ́ńsìn. Ẹní náà wà nílẹ̀, òfìfo. Ìyá rẹ àgbà kò ká a. Nígbà tó fẹ́ wọlé, ó gba ẹ̀yìn ilé.

Ọjọ́bọ̀ ni Mùfú gbé pọ́ǹpù dé. Ó dè é mọ́ ọn, ó jí, ó kú. Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ohun tó kù mọ́. Ẹ má bínú sí mi." N kò lè bínú. Mo ń wo ojú ọ̀run, mo ń ro Sátidé, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ká ní Làmídì wà. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Òjò ń ṣú bọ̀. Ìyá rẹ àgbà jáde wá láti bo katakata, bó ṣe máa ń ṣe. Ó débi táǹkì, ó dúró. Ó ní, "Bàbá Ráṣídì, aṣọ mi dà?"

Mo ní, "Ráṣídì fi ọ̀rá sí i. Ó ní omi á wọlé."

Ó ní, "Ọ̀rá? Làmídì ní aṣọ." Ó tú rọ́bà náà, táǹkì tún ṣe ṣíìì, ó ju ọ̀rá sílẹ̀, ó fa etí ìró tó ró ya níbẹ̀, ó wé e mọ́ igi, ó dé e. Mùfú, bóyá torí kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣófo, tún tan án. Ó jí. A ń dúró kó kú. Kò kú. A dúró, a dúró. Mùfú mú ọ̀rá náà nílẹ̀, ó yí i padà lọ́wọ́, ó wo táǹkì, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, kò rí atẹ́gùn fà ni! Bí dísẹ́lì bá ń jáde, tí atẹ́gùn ò wọlé, inú rẹ̀ á fún, dísẹ́lì ò ní wá mọ́. Aṣọ ń jẹ́ kó mí. Ọ̀rá dí i pa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Làmídì," ó sì sunkún. Ohùn katakata ni kò jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́.

Mo tú Ìdí Ìrókò lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi nìkan lórí irin, kò sí ọmọdé kankan tó ń sáré lẹ́yìn mi, ìdin ń bẹ nínú poro, kò sẹ́ni tó ṣa á. Ìyá rẹ àgbà àti àwọn obìnrin mọ́sálásí ń gé igi gbágùúdá, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ tẹ̀lé mi. Ẹ̀yìn mi fẹ́ já. Nígbà tí a gbin èyí tó kẹ́yìn, n kò lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi, àwọn obìnrin ló gbé mi sọ̀.

Sátidé, ẹbí pé. Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n wọn. Àlájì fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ inú poro, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ mi igi gbágùúdá kan, ó mì ín dáadáa. Ó dìde, ó ní, "Ọ̀gbìn ni. Ó di ìkórè." Àwọn olówó ká okùn wọn, wọ́n lọ. Àwọn ẹbí mìíràn kò kí mi dáadáa. Bàbá rẹ nìkan ló wá bá mi, ó nu ẹrẹ̀ kúrò ní aṣọ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Lẹ́yìn náà ó rọra bi mí, "Ìgbà wo lẹ máa kórè?"

Síkírá, ìbéèrè yẹn náà lo wá bi ìyá rẹ àgbà.

Gbágùúdá náà ti tó hú tipẹ́. Ó ti rékọjá àkókò rẹ̀. Apá kan ti di igi, apá kan ti ń rà nínú ilẹ̀, òkété ń jẹ èyí tó kù. Mo ń lọ síbẹ̀, mo ń ro ìdí rẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, inú mi ń bàjẹ́ gidigidi, torí pé láti ìgbà tí mo ti dáyé n kò jẹ́ kí irè oko bàjẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Ìyá rẹ àgbà, tí kò jẹ gààrí tí ẹlòmíràn yan rí, ń rà á lójú títì, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín sí i. Àlájì ń ránṣẹ́ sí mi látìgbàdégbà pé ṣé a ti kórè. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ fún un pé kò tíì gbó. Àgbà ni Àlájì, oko ló dàgbà sí, ó mọ ìgbà tí gbágùúdá ń gbó. Kò tíì bi mí lẹ́ẹ̀kejì nínú oṣù kan náà rí.

N kò mọ iye ìgbà tó kù fún mi. Bí n kò bá sí mọ́, ẹ̀yin ni wọn yóò bi pé ṣé ẹ ti kórè.

Ó tó, òjò ti ń dá. Síkírá, lọ bá mi bu omi tútù wá, kí o gbé igbá gààrí ìyá rẹ àgbà jáde, ká rẹ ẹ́ mu. Tiwa kò tíì gbó.